Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tó di àárín pápá mú

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé. Kì í ṣe ti Arsenal àti Chelsea tí àwọn ọkọ yín fi ń pariwo láràárọ̀ Sátidé. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1991 ni, èmi sì rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa kí àwa náà tó gbàgbé.

Ní Lake Arbor tí mò ń gbé, ní Prince George's County níbí, adágún omi kan wà ní àdúgbò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ rìn nírọ̀lẹ́ látìgbà tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Bàbá òyìnbó kan wà tí a jọ máa ń pàdé níbẹ̀, ọmọ Pólándì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ pé Nàìjíríà la ti wá, Emmanuel Olisadebe ló dárúkọ, ọmọ tí wọ́n bí ní Warri tó wọ jẹ́sì Pólándì, tó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Amẹ́ríkà nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 13, tó ń ta bọ́ọ̀lù lọ níwájú mi. Ó bi í pé ipò wo ló ń gbá. Ọmọ ní àárín ni. Háà! Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni bàbá yìí dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Kazimierz Deyna fún wa, agbábọ́ọ̀lù àárín tó gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Pólándì ní Munich ní 1972, tó tún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ipò kẹta nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1974. Amẹ́ríkà níbí náà ni Deyna kú sí, nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní San Diego ní 1989, ẹni ọdún 41. Ní 2012 ni wọ́n tó gbé e padà sílé, tí wọ́n sin ín sí Warsaw. Ère rẹ̀ wà níwájú pápá ìṣeré Legia, ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún. Omi ti ń lé ròrò lójú bàbá náà kó tó dákẹ́.

Bí a ṣe ń padà sílé, ọmọ mi bi mí pé ta wá ni tiwa. Mi ò ronú rárá tí mo fi dáhùn pé Muda Lawal ni. Ó fa fóònù yọ, ó wá a. Fọ́tò díẹ̀ ló rí àti fídíò kan tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó wá bi mí pé ẹgbẹ́ wo ló gbá fún ní Yúróòpù. Mo ní kò sí. Ẹ wò ó, ọmọ náà ò sọ nǹkan kan o, ojú tó fi wò mí nìkan ti tó. Ojú ẹni tó ń rò pé tí kò bá gbá fún ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀, a jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá nìyẹn. Ìwò yẹn ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà lóru yìí.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1954 ni wọ́n bí Mudashiru Babatunde Lawal nílùú Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbà á kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé nínú àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, Ṣẹ́gun Odegbami kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, Adokiye Amiesimaka sì kàwé amòfin ní Yunifásítì Èkó. Muda ní tirẹ̀, ọwọ́ tó dúdú fún ọ́ìlì ló gbé wá. Jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo wọn jọ wọ̀.

Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan wà nítòsí ilé wa. Lọ́jọ́ tí IICC bá máa gbá bọ́ọ̀lù ní Liberty Stadium, tó o bá gbé ọkọ̀ rẹ wá síbẹ̀, ara rẹ lo ń yọ lẹ́nu. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ á ti fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́, wọ́n á ti pààrọ̀ aṣọ, ó di pápá. Bàbá mi bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn yìí ò bá Muda jẹun rí o, wọn ò dé ilé rẹ̀ rí, àmọ́ tiwọn ni. Tó bá ti gba bọ́ọ̀lù mọ́ ẹnì kan lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ó ti tú u ní nọ́ọ̀tì. Títí dòní, tí mo bá rí i tí ọmọ mi gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ òyìnbó ní pápá, ohun tó máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn, àwọn òbí tó kù á sì máa wò mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, IICC yẹn ni Shooting Stars ti Ìbàdàn. WNDC ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di IICC, ó tún wá di 3SC lẹ́yìn náà. Orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yá àwọn oníléeṣẹ́ lówó ni IICC, torí pé nígbà yẹn, iléeṣẹ́ ló ń bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe nǹkan téèyàn fi ń di olówó. Liberty Stadium náà ti yí orúkọ padà, láti 2010 ló ti ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Stadium, àmọ́ ẹnu tèmi ti mọ́ ti àtijọ́.

Ọdún 1976 ni gbogbo nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, Muda bá àwọn Green Eagles lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Etiópíà, wọ́n gba ipò kẹta. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún, IICC ti gba líìgì Nàìjíríà, wọ́n sì ti dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ní Áfíríkà. Wọ́n ti kọjá Zamalek ti Íjíbítì, ó wá ku Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Tonnerre yìí ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú, ẹni tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn ni Roger Milla. Bẹ́ẹ̀ ni, Milla tó ń jó nídìí àsíá igun pápá ní Ítálì ní 1990 náà ni. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, a nà wọ́n ní ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan. Ní Yaoundé, wọ́n fi ẹyọ kan sí òdo nà wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Bí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà ṣe kọ́kọ́ gbé ife Áfíríkà wálé nìyẹn. Kò sí ẹgbẹ́ tó ṣe é rí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ariwo ni mo fi mọ̀, kì í ṣe ojú. Rédíò bàbá mi wà lórí fèrèsé, gbogbo àgbàlá dúró sídìí rẹ̀. Ìgbà tí mo tó fojú ara mi rí Muda, bàbá mi ló gbé mi sí èjìká ní Liberty, mo mú gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́, mi ò sì rántí jẹ ẹ́.

Báwo ló ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù? Ìyẹn gan-an ló ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ tó ń fi fídíò ìṣẹ́jú kan mọ èèyàn. Muda kì í ṣe ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù dá àrà kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń sáré ni. Wàá rí i níwájú aṣọ́lé tiwa, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò. Wàá yíjú sí ẹni tó ń ta ọsàn, tó o bá tún máa wò ó, ó ti dé iwájú ilé àwọn yẹn. Odegbami ga, ó gùn, ó ń fi orí àti ẹsẹ̀ jẹ góòlù, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí Odegbami fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ lọ gbà á wá. Àwọn mẹ́káníìkì àdúgbò wa mọ èyí dáadáa. Àwọn náà kọ́ ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe.

Ní 1977, Rangers ti Enugu ló lé IICC dànù nínú ìdíje kan náà, ní pẹnáritì, ní Kàdúná. Ogun abẹ́lé ò tíì pé ọdún mẹ́jọ tó parí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn. Síbẹ̀, tí ó bá ti di ti Green Eagles, Christian Chukwu ti Rangers ni balógun, Muda ti IICC ló wà níwájú rẹ̀ láàárín, wọ́n á sì jọ ṣe é. Mo rí i pé àwọn ọmọdé ọkùnrin yẹn mọ nǹkan kan tí àwọn àgbà wa ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lọ.

1978 ní Gánà, ipò kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá kan 1980, Èkó ló gba àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ eléyìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ni Otto Glória, ọmọ Bràsíìlì. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta, Nàìjíríà bá Tanzania ṣí ìdíje náà, a fi ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan nà wọ́n. Ẹni tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ wa ni Muda Lawal, ní ìṣẹ́jú kọkànlá. A ta ọ̀mì pẹ̀lú Ivory Coast, a na Íjíbítì, a na Morocco, góòlù Felix Owolabi. Ó wá di ọjọ́ kejìlélógún, ọjọ́ Sátidé, àwa àti Algeria, ní National Stadium, Sùúrùlérè.

Bàbá onílé wa nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n, dúdú-àti-funfun. Mo rò pé ọgọ́rin èèyàn ló wà nínú pálọ̀ rẹ̀ àti lójú fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ sì ń pariwo pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì òun. Èmi wà lórí àga kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta mìíràn. Iṣẹ́jú kejì, Odegbami. Iṣẹ́jú kejìlélógójì, Odegbami. Wọ́n sinmi, wọ́n padà wá. Ó pé ìṣẹ́jú àádọ́ta, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta sáwọ̀n. Àga tí a gùn wó. Mi ò rí bí bọ́ọ̀lù náà ṣe wọlé gan-an títí tí mo fi dàgbà, torí pé ilẹ̀ ni mo wà.

Mẹ́ta sí òdo. Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ la nà o. Algeria yẹn náà ló lọ na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Spain ní 1982. Ẹ wá wo nǹkan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàkíyèsí bí mo ṣe ń kọ èyí: Muda ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje yẹn, òun náà ló jẹ èyí tó kẹ́yìn. Òun ló ṣílẹ̀kùn, òun ló pa á dé. Ààrẹ Shehu Shagari wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Ìjọba fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ilé àti ọkọ̀. Nígbà tí ìròyìn ọkọ̀ yẹn dé ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá wọn ní òun mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí kò ní nílò mẹ́káníìkì.

Ọdún yẹn náà ló lọ sí Òlíḿpíìkì ní Moscow, ìyẹn ò so èso. IICC tún gba líìgì. Wọ́n tún gbà á ní 1983.

1982 ní Líbíyà kò dáa. A lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ife, a ò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ní 1984, wọ́n gba Ivory Coast lọ, Adégbóyè Onígbìńdé ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Stephen Keshi ọ̀dọ́mọkùnrin ni balógun. Muda ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. A tún dé àṣekágbá, àwa àti Kamẹrúùnù, ní Abidjan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ta ló jẹ góòlù? Muda Lawal. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni! Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n tún fi méjì lé e, mẹ́ta sí ẹyọ kan. Mo ti tó ọmọ ọdún 16, mo jókòó sórí àpáta kan lẹ́yìn ilé wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdíje márùn-ún nìyẹn, ìkan ò fo ìkan: 1976, 1978, 1980, 1982, 1984. Àwọn ọmọ wa tó ń wo Ife Áfíríkà lóde òní, orílẹ̀-èdè 24 ló ń lọ. Nígbà yẹn, mẹ́jọ péré ni. Tó o bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilé lo máa ti wò ó. Nínú márùn-ún yẹn, mẹ́rin ni Nàìjíríà ti wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, Muda sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ju ìgbà 80 lọ. Àṣekágbá méjì ló gbá, ó jẹ góòlù nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Yúróòpù tí ọmọ mi bi mí wá ńkọ́? Mo rò ó dáadáa. Nígbà tí Muda wà lágbára, ojú ọ̀nà náà ò là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1978, wọn kì í gba agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ òkèèrè, ibòmíràn sì fi gbèdéke sí i. Ní àárín 1980 sí 1990 ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún tiwa. Keshi gba Abidjan lọ sí Belgium. Rashidi Yekini, tí òun náà ti gbá fún Shooting Stars, lọ sí Abidjan, ó sì ti ibẹ̀ dé Portugal. Òun ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Amẹ́ríkà níbí, ní 1994. Muda kò sí lára àwọn tó lọ. Ó padà sí ìlú rẹ̀ ni, ó gbá fún Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ yẹn gba ife FA ní 1985, ó tún gbà á ní 1987.

Èmi tó kúrò nílé, tí mo ń gbé nínú ilé tí ẹ̀rọ ń gbóná fún mi ní Lake Arbor, mi ò lẹ́nu láti sọ pé ẹni tó dúró sílé kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò lè sọ pé ìdúró yẹn sanwó fún un. Agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀, àtẹ́wọ́ a dákẹ́, kálukú a wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1991, Muda Lawal kú. Kò tíì pé oṣù kan tó pé ọmọ ọdún 37. Ìdí oníwèé ìròyìn ni mo ti gbọ́, níbi tí àwa tí a kì í ra ìwé ti máa ń dúró ka ojú ewé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojoojúmọ́ la máa ń jiyàn níbẹ̀, lórí òṣèlú, lórí bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọkùnrin kan bọ́ fìlà. Oníwèé ìròyìn fúnra rẹ̀ ò lé wa. Nígbà tí mo dé àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì yẹn ti pa, kì í sì í ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù.

Lọ́dún kejì, 1992, Shooting Stars gba CAF Cup, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wọ́n na Villa ti Uganda ní mẹ́ta sí òdo nílé. Gbogbo Ìbàdàn jó. Èmi náà jó o, àmọ́ mo ń wo àárín pápá.

Pápá ìṣeré tó wà ní Asero ní Abẹ́òkúta, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Best Ogedegbe tó ṣọ́lé fún wọn ní 1980 kú ní 2009. Yekini kú ní 2012. Àwọn tó rí wọn ń dínkù, àwa tó kù sì ti tú ká sí Maryland, Houston, Peckham.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò IICC ayé ìgbà yẹn nínú àpótí, tàbí ìwé ìròyìn tí bàbá yín fi pamọ́, ẹ yọ ọ́ síta fún àwọn ọmọ, kí ẹ fi foonu yà á kí ikán tó jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tún pàdé bàbá ará Pólándì yẹn létí omi. Ó bi wá bóyá àwa náà ní Deyna tiwa. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ mi ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu: ìdíje márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, àṣekágbá méjì, góòlù nínú méjèèjì. Bàbá náà ní kó sọ orúkọ rẹ̀ létà-létà fún òun, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì kan. Ọmọ mi ò rántí sọ pé mẹ́káníìkì ni. Èmi ni mo fi kún un.